Ìwé Tí Kò Sí Níbì Kankan: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Yunifásítì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìwé kíkà, ẹ kú ìfaradà iná tí kì í dúró. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni, torí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá oorun lójú mi.

Ọmọ àbúrò mi kan ló lọ dìfẹ́ǹdì prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọdún tó yẹ kó jáde nìyí. Orí aṣọ àdìrẹ ló kọ ọ́ lé, gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà sí, ó fìka lé ọ̀kan. Ó ní, "Ìwé yìí, níbo lo ti rí i?" Ọmọ náà dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Olùkọ́ ní, "Ó dáa, kí ni ìwé náà sọ?" Ó tún dákẹ́. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló sá wá, torí ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láíbúrárì yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó kó orúkọ ìwé 23 wá bá mi. Mo gbé awò ojú mi sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí 14. Àwọn 9 tó kù, kò sí wọn láyé yìí, kò sí wọn lọ́run. Ọ̀kan nínú wọn ló dùn mí jù: orúkọ olùkọ́ mi tó ti di olóògbé ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n bá a kọ ìwé tí kò kọ. Wọ́n fún ìwé náà ní ọdún, wọ́n fún un ní ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Mo mọ gbogbo ìwé tí bàbá yẹn kọ, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ káàdì wọn sínú dúrọ́ọ̀.

Mo ní, "Ta ló fún ọ ní èyí?" Ó ní, "Bàbá Bódìjà, ChatGPT ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. ChatGPT yìí, ẹ̀rọ tí à ń kọ ìbéèrè sí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ń kọ èsì padà, kì í dìde lọ wo pẹpẹ ìwé kó tó dá yín lóhùn. Òbítíbitì ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ohun tó sì kọ́ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Èyí tó bá jọ pé òun ló kàn, òun ló máa mú. Nígbà mìíràn á bọ́ sí òótọ́, nígbà mìíràn kò ní bọ́ sí i, ohùn kan náà ló sì máa fi sọ méjèèjì. Àwọn tuntun inú wọn ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣìnà. Ó dà bí àwọn kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Kò ní sọ láéláé pé òun kò ní in. Á ní kí o jókòó, á wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, á mú èyí tó jọ ọ́ jáde, á nù ún kó dán. Ó di orí márosẹ̀ kí o tó mọ ohun tí o rà.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2023, ní New York, àwọn lọ́yà méjì kó ẹjọ́ tí kò wáyé rí síwájú adájọ́. ChatGPT ló bá wọn hun ún. Adájọ́ bu ìtanràn $5,000 lé àwọn àti ọ́fíìsì wọn. Ẹ fojú inú wò ó, lọ́yà! Wọ́n bi wọ́n ní ìwé ẹjọ́ náà, wọn kò rí nǹkan kan mú jáde.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ohun tó sì máa bà mí lẹ́rù títí n ó fi parí lẹ́tà yìí: kí wọ́n bi ènìyàn ní ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí, kó máa wojú.

Ẹ má bínú, àgbà kì í lè ṣe kó má rántí. Èmi náà kọ tèmi lórí àdìrẹ, ní 1978. Mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ìyá aláró kan jókòó ti ìkòkò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo yọ bírò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń pa aṣọ láró?" Kò tiẹ̀ wò mí. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n bá òun ru eérú. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n fìka kan omi tó ń kán láti inú ìkòkò eérú, kí n fi lé ahọ́n. Ẹ̀yin ọmọ mi, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti mú nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀." Bí omi eérú kò bá mú, ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kò ní ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí èmi náà dé iwájú àwọn olùkọ́ mi, tí wọ́n ní báwo ni aláró ṣe ń mọ̀ pé omi ti tó, n kò wo ìwé. Díẹ̀ ló kù kí n yọ ahọ́n hàn wọ́n.

Ọmọ àbúrò mi kọ ojú ewé 58 nípa aró, kò fojú kan ìkòkò aró rí. Abẹ́òkúta ni wọ́n sì bí i sí! Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé òpó ààfin ló wà lára Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán àdìrẹ. Òpó ààfin wo? Òpó Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni, òpó Mápó pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ ní aṣọ náà nínú àpótí. Kí ló dé tí kò lè bi ìyá rẹ̀? Kí ló ń lé yín gan-an?

Ó dáa. Mo ti gbóhùn sókè, ẹ forí jì mí.

Mo mọ ohun tó ń lé yín. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti February títí di October. Ẹ padà sí kíláàsì, kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ìparí November, ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde. Ẹni tí ebi ti pa fún oṣù mẹ́jọ, oúnjẹ tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa jẹ. N kò dá yín lẹ́bi tán. Mo sì mọ àwọn olùkọ́ tí ń ka nóòtì tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú fún yín.

N kò ní kí ẹ má lo ẹ̀rọ náà. Ọmọ ọmọ mi tó ń ka físíìsì máa ń ní kí ẹ̀rọ náà bi òun ní ìbéèrè bí olùkọ́, kó má sọ ìdáhùn fún òun. Tó bá kùnà, á ní kó tún un ṣàlàyé lọ́nà mìíràn. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, inú mi dùn. Ẹnu ọmọ yẹn á là níwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ bi súpáfáísọ̀ yín kí ẹ tó lò ó, torí ohun tí ẹ̀ka kan gbà, òmíràn kò gbà á. Ìwé tí ẹ kò bá fojú rí, ẹ má to orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ dákun, ẹ má da ọ̀rọ̀ àìsàn ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe tiyín láti fi ta lọ́rẹ. Ẹ sì fi iṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó rí jágbajàgba, tí ẹ pa rẹ́ tí ẹ tún kọ, pamọ́. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ máa nílò ẹlẹ́rìí, torí àwọn olùkọ́ kan ti ń fi ẹ̀rọ mú ọmọ, èyí tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ ló kọ iṣẹ́ tàbí ènìyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ tó bá ń ka èyí, ẹ rọra o. OpenAI fúnra rẹ̀ ṣe irú ẹ̀rọ atọpinpin bẹ́ẹ̀, ó sì kó o kúrò nílẹ̀ ní July 2023 torí kò mọ̀ ọ́n mú. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Stanford dán irú wọn méje wò lórí àròkọ àwọn tí gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Àwọn ẹ̀rọ atọpinpin náà pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ ènìyàn ló sì kọ ọ́! Ọmọ wa tó bá kọ gẹ̀ẹ́sì oníwèé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ọ, ṣé ó ti di olè nìyẹn? Ẹ pè é, ẹ ní kó jókòó, ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè méjì péré ló tú àṣírí ọmọ tèmi.

Ọmọ náà wà l'Ábẹ́òkúta báyìí. Mo ní kó lọ sí Ìtòkú, kó má mú fóònù dání. Ó mú un dání ṣá, torí ó pè mí lánàá. Ó ní, "Bàbá Bódìjà, ìyá yìí kò dá mi lóhùn o, àtàárọ̀ ni mo ti dé."

Mo ní kó jókòó.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Bódìjà