Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Àkànní

Houston, Texas

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ṣé ara Màmá ti le? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́. O bi mí lórí WhatsApp pé ibo ni ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Àkànní já sí. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kékeré dá ọ lóhùn, torí ó ń dùn mí.

Wọn ò mú un sí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n dán àwọn ọmọ wò. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́yìn, àwọn kóòṣì jókòó ti ògiri, wọ́n ń sàmì sínú ìwé. Nígbà tó parí, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ara gíláàsì ilẹ̀kùn jíìmù. Kò sí orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà lásán ni. Inú mọ́tò ni mo wà tí mo ti ń wò ó. Ó fi ìka tọ bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè, ó tún tọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rí nọ́ńbà tirẹ̀, ló bá fò sókè. Àkànní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Orí mi wú pé ọmọ mi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Kò jọ ti ilé rárá. Nígbà tiwa ní Yellow House, bí o bá lè sáré, wàá sáré. Bí o ò lè sáré, wàá bá wọn ṣe march past. Gémù tíṣà á wá nǹkan fún gbogbo wa ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ Àkànní ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 3,000, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní Texas, 6A ni wọ́n ń pe ìpele àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ márùn-ún náà ló ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́mọ 300. Varsity wà fún àwọn ọ̀gá, JV fún àwọn tó ṣì ń kọ́ ọ, ti àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ sì wà lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kan kì í sábà gbà ju ọmọ 12 sí 15 lọ.

Àwọn wo ló wá ń gbapò? Àwọn tí òbí wọn ti ń sanwó kíláàbù láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn lọ díje nígbà ọlidé. Mi ò bínú sí àwọn ọmọ náà o, wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Àmọ́ kí kóòṣì tó fọn fèrè, owó ti yan ìdajì ẹgbẹ́.

Gbogbo ẹni tó fẹ́ tù mí nínú ló ń dárúkọ Michael Jordan, pé wọ́n lé òun náà dànù ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ní 1978, ní Laney High School, Wilmington, North Carolina, wọn ò mú un sí Varsity. Leroy Smith tó ga jù ú lọ ni wọ́n mú. JV ni wọ́n fi Jordan sí. Ó ní aṣọ, ó ní kóòṣì, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé ńkọ́? Níbo ni yóò ti kọ́ ohun tí wọ́n ní kò mọ̀? Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Wo Hakeem Olajuwon tiwa. Handball ló ń gbá l'Ékòó, ó ti di géńdé kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó dé University of Houston níbí. Ní 1994 àti 1995, òun àti Rockets, ẹgbẹ́ Houston, gba ife NBA. Lóòótọ́, gíga rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n àwọn kan ní sùúrù láti kọ́ ọ nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ètò wọn ṣá. Láti 1984 ni òfin Texas ti sọ pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 lọ á yẹ̀bá nínú ìdíje fún ìgbà díẹ̀; ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1995 ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Òfin yẹn ló jẹ́ kí Bàbá Àkànní gbà kó máa ṣeré rárá.

Àkànní ti wọ ẹgbẹ́ eré sísá báyìí. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá déédéé ti di ọmọ ẹgbẹ́. 800 mítà ló ń sá. Kóòṣì wọn, obìnrin kan báyìí, mọ orúkọ gbogbo wọn pátá. Ọmọ náà ń dá jí ní ìdájí, ìwọ náà sì mọ Àkànní àti oorun! Ó ní òun á tún lọ dán básíkẹ́ẹ̀tì wò lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì ní dí i lọ́wọ́.

Èmi àti àwọn òbí kan ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí wọn ò mú, kí wọ́n máa lo jíìmù lálẹ́ nígbà tí Varsity bá ti lọ. A ò tíì gbọ́ èsì. Ohun tó bá tibẹ̀ jáde, wàá gbọ́.

Táíwò ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣọ́lé fún ilé ẹ̀kọ́ wọn? Sọ fún Kẹ́hìndé pé mo ti ra ìwé tó ní kí n rà, ẹni tó ń bọ̀ nílé ní December ni màá fi rán. Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá Àkànní