Lẹ́tà ìparí táàmù kejì: Átẹ́nì là ń lọ, ẹ wo bàtà àwọn ọmọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú wàhálà bẹ́ ẹ ṣe ń gbé àwọn ọmọ wá kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé nínú òjò London yìí. Ripọ́ọ̀tì wọn máa wà nínú báàgì wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣì ní bálánsì owó ilé ìwé, ẹ pè mí, ká jọ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Gíríìsì ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹ rántí pé a kó wọn lọ sí British Museum ní táàmù tó kọjá kí wọ́n lè fojú ara wọn rí orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní 1938. Bá a ṣe kúrò níbẹ̀ la yà sọ́dọ̀ àwọn ère Gíríìsì, ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan bá dúró sẹ́yìn ère obìnrin òkúta kan, ó ń pariwo pé "Àǹtí, ó dirun!" Òótọ́ sì ni, irun yẹn ki, wọ́n dì í gan-an, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ forí ru òrùlé ilé òrìṣà Erechtheion lórí òkè Acropolis ní Átẹ́nì, Lord Elgin, aṣojú ìjọba Britain ní ilẹ̀ Tọ́kì nígbà yẹn, ló jẹ́ kí wọ́n gbé ẹyọ kan yìí wá sílùú ọba, ìjọba sì ra ẹrù rẹ̀ ní 1816. Márùn-ún tó kù wà ní Acropolis Museum, wọ́n fi àyè ẹnì kẹfà sílẹ̀ lófìfo láàárín wọn (àwọn tó dúró lórí òkè báyìí, àwòkọ ni). Látọjọ́ yẹn làwọn ọmọ ò ti jẹ́ n sinmi, àfi ká lọ kí àwọn yòókù.

Họ́lídé ìparí oṣù May la máa lọ. Mo ti lọ wo ibẹ̀ fúnra mi ní November, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Bàtà ni àkọ́kọ́. Òkúta mábù ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà Acropolis, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dán, bí oòrùn ṣe mú tó náà ló ń yọ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Bàtà tí mo wọ̀ rí dáadáa lójú, àmọ́ ìdí rẹ̀ ti jẹ tán, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, ó yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo dì mú. Torí náà ẹ yí kánfáàsì ọmọ yín dojú dé, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, tó bá ti pá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ra òmíì. Mi ò fẹ́ sílípáàsì, mi ò fẹ́ bàtà tuntun tí wọn ò tíì wọ̀ rí náà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé wa, bàtà gogoro, wọn ò gbà á lókè yẹn rárá.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, ìgbà yẹn la máa wọlé, torí kò síbòji lókè, tí ooru bá sì pọ̀ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n máa ń ti ibẹ̀ ní ọ̀sán. Wọ́n ń kọ aago sára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá pẹ́ lè má wọlé, €30 sì ni ti àgbàlagbà láti April 2025, ti músíọ́ọ̀mù lọ́tọ̀. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ibùdó tírénì Akropoli la máa gbà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ tètè sọ, líìfùtì wà.

Fìlà, ìgò omi (ẹ̀rọ omi wà lókè), báàgì kékeré, ó tán. Báàgì ńlá ò wọlé. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn: a kì í fọwọ́ kan òkúta ibẹ̀, a kì í sì mú èyí tó kéré jù pàápàá sápò, òfin ni. Tí wọ́n bá bi yín ìdí tí Parthenon, ilé òrìṣà ńlá tó wà lókè yẹn, ò fi ní òrùlé, ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n kó síbẹ̀ ló bú gbàmù nígbà ogun 1687, lẹ́yìn tó ti dúró fún ohun tó lé ní 2,000 ọdún.

Tá a bá sọ̀ kalẹ̀ a máa yà sí Áréópágù, àpáta kan nítòsí ibẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù nínú Ìṣe 17. Ìsàlẹ̀ la máa dúró kà á o, àpáta yẹn ń yọ̀ ju ti òkè lọ.

Ẹ wo pásípọ́ọ̀tù lónìí. Ti British ò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tá a bá wọ Gíríìsì, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù 3 ó kéré tán lọ́jọ́ tá a bá kúrò. Ọmọ tó ń lo ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, ẹ wá bá mi kíákíá kí n kọ lẹ́tà fún un. Gbogbo òbí tí kò tẹ̀ lé wa máa fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ẹ fi rán ọmọ yín ní Sátidé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Pírínsípà