Ẹ ta nọ́ńbà fún mi, ẹ kò kọ orúkọ mi sí i

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Lórí ọ̀rọ̀ ajá mi, Tanímọ̀la, ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni dókítà yín fi ṣíìpù, ohun kékeré tó gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ dání, sí i lábẹ́ awọ. Nígbà tó sọnù, ọjọ́ 9 gbáko ló fi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ajá tí kò rí ilé mọ́. Ṣíìpù yín wà lára rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé èmi ni mo ni ín. Ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe náà ti wá, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Kì í ṣe ṣíìpù ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín níjọ́ kìíní. Inú etí ni wọ́n fín nọ́ńbà sí fún ajá tí mo ní ṣáájú, ohun tí mo sì fẹ́ ṣe fún Tanímọ̀la náà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ yín fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé yíǹkì a máa ṣá, irun a máa bò ó, àti pé olè tí kò fẹ́ kí wọ́n dá ajá mọ̀ lè gé etí rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ajá mi àtijọ́ fi pé ọdún 10, a kò mọ̀ mọ́ bóyá 3 ló wà ní etí rẹ̀ tàbí 8. Okùn ọrùn tó ní nọ́ńbà fóònù lára dára, Tanímọ̀la ní i, ṣùgbọ́n ó lè já, ẹnikẹ́ni sì lè tú u. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo gbà.

Èmi fúnra mi ni mo di ajá náà mú. Abẹ́rẹ́ yẹn nípọn ju ti àjẹsára lọ. Dókítà gún un láàárín èjìká méjèèjì, Tanímọ̀la ké lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú, ó lá mi lọ́wọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ kà á, nọ́ńbà 15 jáde tẹ̀léra wọn, wọ́n bá èyí tó wà lára páálí mu. Mo kọ orúkọ mi, àdírẹ́ẹ̀sì mi àti nọ́ńbà fóònù méjì sí fọ́ọ̀mù yín, mo fọwọ́ sí i, mo sì san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín fi sìn mí jáde ni pé, "Ó ti parí. Ajá yín kò lè sọnù mọ́."

Afẹ́fẹ́ ṣí géètì lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, n kò rí ajá.

Fóònù yín ni mo kọ́kọ́ pè, pé kí ẹ bá mi wo ibi tó wà. Ìgbà yẹn ni ẹ wá sọ fún mi pé ṣíìpù kò lè fi ibi tí ajá wà hàn, pé kò ní bátìrì, kò sì ní ṣe ohunkóhun àfi bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí ń kà á sún mọ́ ọn. Mo ti mọ̀ báyìí. Kí ló dé tí ìwé pélébé tí ẹ fún mi fi ní àwòrán máàpù, tí ajá dúró lórí rẹ̀?

Àwòrán Tanímọ̀la ni mo gbé kiri títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Ó ti rù, imú rẹ̀ sì ti bó níbi tó ti ń gbo ó mọ́ irin. Ọjọ́ kejì ni wọn ìbá fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe é lójú mi. Ó fa ẹ̀rọ náà láti ọrùn dé èjìká, ó tún gbé e gba ẹ̀gbẹ́, nítorí ṣíìpù a máa rìn lábẹ́ awọ nígbà míì. Ẹ̀rọ dún. Ṣíìpù náà bá ISO 11784 àti 11785, ìlànà àgbáyé fún ṣíìpù ẹranko, mu bí ẹ ṣe kọ ọ́ sára páálí, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ẹ̀rọ wọn ni kò lè kà á. Ó tẹ nọ́ńbà náà sínú àkọsílẹ̀ yín. Ó jáde pé ẹ̀yin lẹ ta á. Ibi tó yẹ kí orúkọ mi wà ṣófo. Ó ní òun pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ gbé e, ẹ ní kó fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ kò sì fèsì.

N kò kábàámọ̀ pé mo yan ṣíìpù. Bí mo bá tún ní ajá mìíràn, òun náà ni n ó ṣe. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò gbé orúkọ èèyàn dání, nọ́ńbà nìkan ló gbé. Èyí tó wà lára ajá kò kúrò níbi tí dókítà fi í sí. Èyí tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ yín ni kò sí níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí mo sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, ẹ kò sì ṣe é.

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Ẹ fi orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù méjèèjì sínú àkọsílẹ̀ lónìí, kí ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ dá owó ìforúkọsílẹ̀ padà. Ẹ yọ máàpù kúrò lára ìwé yín, kí òṣìṣẹ́ yín sì yéé sọ fún èèyàn pé ajá kò lè sọnù mọ́. Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú mi: ẹ yẹ nọ́ńbà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ti ẹlòmíràn bá ṣófo, ẹ pè é kí ajá tirẹ̀ tó jáde nílé.

Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, ẹni tó ni Tanímọ̀la