Fọ́tò wọn wà lára ẹ̀rọ ata, kò sí lórí ìwé ìdìbò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi gbé e jáde bó ṣe wà. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi rán mi lọ lọ ata nítorí ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ wo ni wọn ò ní rán an nílé? Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ tuntun ni mo bá lọ́wọ́ ìyá tó ń lọ ata. Wọ́n lẹ fọ́tò ọkùnrin kan mọ́ ọn lára, ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ "Ètò Ìrónilágbára" sí abẹ́ rẹ̀. Ata ti ta sí i lójú.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ta lọkùnrin yìí?"

Ó wò ó bíi pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Bàbá, ṣé kì í ṣe kọmíṣọ́nnà ni? Àbí alága káńsù? Wọ́n kàn pè wá lọ́jọ́ kan pé ká wá gbà á ni."

Kì í ṣe kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe alága. Aṣojú rẹ̀ l'Ábújá ni! Mo bi í bóyá ó dìbò lọ́dún 2023. Ó ní òun dìbò dáadáa, láti òwúrọ̀ lòun ti tò, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Ta ló wá dìbò fún nínú ìwé kẹta? Ó ní, "Ìgbálẹ̀ ni mo tẹ̀ káàkiri, Bàbá." Àmì ẹgbẹ́ APC ló ń sọ.

N kò bínú sí obìnrin yẹn rárá. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ìwé mẹ́ta ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ọ̀kan fún ààrẹ, ọ̀kan fún sẹ́nétọ̀, ọ̀kan fún aṣojú-ṣòfin. Kò sí orúkọ èèyàn kankan lórí ọ̀kankan nínú wọn. Àmì ẹgbẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ẹgbẹ́ tí òun fẹ́ kó di ààrẹ, kò sí ohun tó tún kù kó rò, àmì kan náà ni yóò máa wá kiri lórí ìwé méjì yòókù. Èmi tí mo fi chalk jẹun fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, èmi náà dúró lẹ́yìn páálí ìdìbò lọ́jọ́ náà, mo ń rántí orúkọ tí mo fẹ́ bí ọmọ tó gbàgbé ìṣirò.

Ẹ wo bí Kwara ṣe ń dìbò. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni tiwa, aṣojú-ṣòfin mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2015, ìgbálẹ̀ gbá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2018, Bukola Saraki àti ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n ṣí abùradà ẹgbẹ́ PDP, wọn ò sì bi ẹnì kankan nínú àwa tí a dìbò fún wọn. Ọdún 2019 dé, a ní Ó tó gẹ́, ìgbálẹ̀ tún gbá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Saraki tó wà lórí àga ààrẹ ilé aṣòfin àgbà fúnra rẹ̀ ní ìbò 68,994, Oloriegbe ti ìgbálẹ̀ tó bá a du ipò sẹ́nétọ̀ ní 123,808. Mo jó lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Lọ́dún 2023 ńkọ́? Mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án. Ká ní abùradà ló ń gbá wọn báyìí, ohun tí mo ń sọ yìí náà ni ǹ bá sọ. Mélòó nínú àwa tí a ń pariwo Ó tó gẹ́ ní Ọjà Ọba ló lè dárúkọ ẹni tí a fẹ́ rán lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin? Orúkọ ẹni tí a fẹ́ lé lọ la mọ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó yàtọ̀ ni nígbà àtúndì ìbò ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn tí Funke Adedoyin tó ń ṣojú Èkìtì, Irẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Òkè-Erò kú. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, mo wà nílé. Ìwé kan ṣoṣo ni, kò sí ààrẹ tó máa bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò mọ orúkọ àwọn tó ń du ipò náà, wọ́n ń fi wọ́n jà!

Aṣojú ni a ń pè wọ́n, ojú wọn ni kò sì sí níbi tó yẹ kó wà. Ó wà lára ẹ̀rọ ata, ó wà lára àpò ìrẹsì, ó wà lẹ́yìn ìwé àjákọ ọmọ iléèwé, ó wà lára táǹkì omi tí kò ní omi. Orí ìwé ìdìbò nìkan ni wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣe kò le. Kí wọ́n tẹ orúkọ àti fọ́tò olùdíje sí ẹ̀gbẹ́ àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Gánà ń ṣe é, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin wọn. Fún Kwara, oríṣi ìwé mẹ́sàn-án péré ni. Òfin ìdìbò ọdún 2022 tí a fi dìbò tó kọjá ò dí wọn lọ́nà. Ó ní kí àmì ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohunkóhun mìíràn tí àjọ náà bá fẹ́. Àwọn kan yóò sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń pààrọ̀ olùdíje, pé fọ́tò tí wọ́n bá tẹ̀ lè di ti ẹlòmíràn. Òfin kan náà ló fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ sáájú ìdìbò ṣe òpin ìpààrọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́! Àwọn atẹ̀wé wa n'Ílọrin ń tẹ àlímánáákì ẹgbẹ́ tó ní ojú ogójì èèyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gèlè olúkúlùkù sì ń hàn kedere. INEC ti máa ń lẹ orúkọ àwọn olùdíje mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wọn tẹ́lẹ̀. Ta ló ń lọ síbẹ̀ lọ kà á? Kí wọ́n ṣí i kúrò lára ògiri, kí wọ́n gbé e wá sí ọwọ́ wa.

Ẹ tún lè ya ọjọ́ ìdìbò sọ́tọ̀ bíi ti ọdún 2011, nígbà tí a dìbò ilé aṣòfin ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, tí a sì dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 16. Ó dára, ṣùgbọ́n owó ni yóò jẹ, wọn ò sì ní gbà. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa náà máa pe àwọn olùdíje wá sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Àwọn tó yẹ kó yí i padà ni àmì ẹgbẹ́ ń gbé wọlé. Ẹni tí ìgbálẹ̀ tàbí abùradà ti bò, kí ló fẹ́ fi ojú hàn fún? Bí ojú rẹ̀ bá wà lórí ìwé ìdìbò, ẹni tó bá tẹ̀ka fún un yóò dá a mọ̀ lọ́jà, yóò sì bi í léèrè. Ó sàn fún un kí ojú náà wà lára ẹ̀rọ ata, tó jẹ́ pé ìdúpẹ́ ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Kí n tó kúrò, Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà ti já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ó ní bóyá mo mọ bí òun ṣe lè rí ọkùnrin inú fọ́tò náà bá sọ̀rọ̀. A jọ wá ara ẹ̀rọ náà yíká. Wọn ò kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Tanke, Ìlọrin.