Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kì Í Balẹ̀ Ní Kíláàsì

Ẹ̀yin jamáà wa, asalaamu alaekum. Ẹ kú Jímọ̀.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán Anas níṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọdé ni Anas nígbà náà, òun ló ń ṣe ìránṣẹ́ fún un. Ó jáde, ó kan àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ́jà, ó dúró tì wọ́n. Ibẹ̀ ló wà tí ẹnì kan fi dì í mú lẹ́yìn ọrùn. Ó bojú wẹ̀yìn, Ànábì ni, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní: “Anas kékeré, ṣé o ti lọ síbi tí mo rán ọ?” Anas ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lọ báyìí, ìwọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìmáàmù Muslim ló gba hádíìsì yìí wá.

N kò sọ pé nǹkan ń ṣe Anas o. Àwọn ọmọ wa kan ni mo ń bá bọ̀: àwọn tí a rán ní ẹyọ iṣẹ́ kan tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò lè jókòó kalẹ̀ ní kíláàsì, tí wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ tíṣà lẹ́nu. Bó bá ti tó oṣù 6 tó ń rí bẹ́ẹ̀, tó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12, tó jẹ́ pé nílé àti níléèwé ló ti ń ṣẹlẹ̀, tó sì ń pa á lára, dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò kó pè é ní ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlèfọkàn sí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà ló ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ nílé, kì í sì í ṣe pé ayé ló ń bá a jà. Ó sábà máa ń wà nínú ìran. Bàbá mìíràn tó ń na ọmọ nítorí rẹ̀, bí ẹ bá bi ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ṣe ní kékeré.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ sáré kiri, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn wọn á ti lọ jìnnà. Àwọn la máa ń pè ní olódo.

Ìyá kan gbé ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ wá hàn mí. Ìbéèrè 10 ni. Ọmọ gba ìkíní, ó gba ìkejì, ó ṣe ìkẹta dé ìdajì, ó wá ya ọkọ̀ akẹ́rù sí ìyókù ojú ìwé. Bíírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Ọ̀lẹ.” Ọ̀lẹ kẹ̀? Ẹni tó gba méjì mọ iṣẹ́ náà. Ká ní mẹ́ta ni tíṣà kọ́kọ́ fún un, tó máàkì í lójú ẹsẹ̀, tó yìn ín, kó tó fún un ní mẹ́ta mìíràn ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bá tíṣà, ẹ má bá a jà. Mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ sí iwájú, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kó máa rán an ní iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ kó nu pátákó kí ara rẹ̀ lè nà. Ẹ jọ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín yín lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin aáfà ilé-kéwú wa náà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀. Kò wo èyí sàn rí. Bí ojú ewé kan bá wúwo fún un, ẹ fún un ní ẹsẹ méjì. Kùránì fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 23.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ wò pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. UITH, ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìwà àti ọpọlọ. Oògùn wà, dókítà nìkan ló lè kọ ọ́. A ó máa ṣe àdúà lọ lórí rẹ̀.

Òbí tó bá fẹ́ kí n tẹ̀lé òun lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé, kó rí mi lẹ́yìn ìrun Àláásárì. Mo máa lọ.