Àṣìṣe ẹnu yàtọ̀ sí àṣìṣe gírámà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láyè ká bá àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní "I wash a cup yesterday" dípò "I washed", kíá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọjú sí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé gírámà látìbẹ̀rẹ̀. Àlàyé yẹn lè má wúlò rárá, torí ohun méjì ló lè fa àṣìṣe náà, oògùn wọn ò sì jọra.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àkókò. "Mo fọ ife" ti tó fún àná. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ wọ Gẹ̀ẹ́sì ò ní rí ìdí tí wash fi gbọ́dọ̀ ní ìrù -ed. Ṣùgbọ́n sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú, ká má tíì wá sọ méjì tó so pọ̀ bíi ti washed. Ẹlòmíràn mọ òfin náà dunjú, ẹnu rẹ̀ ni kò gbé e. Á jẹ ìparí ọ̀rọ̀ náà, tàbí kó fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn.

Ẹ lè dá wọn mọ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó máa fa see, come àti take jáde, torí inú fáwẹ́lì ni ìyípadà tiwọn wà. Bó bá sọ saw, came àti took, àmọ́ tó ṣì ń ní wash àti cook fún àná, gírámà kọ́ ló ń dà á láàmú.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, etí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ka "I wash a cup" àti "I washed a cup" fún un, kó na ìka kan fún ti ojoojúmọ́, méjì fún ti àná. Bí kò bá tíì gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, ẹ má tíì ní kó sọ ọ́.

Tó bá kan ẹnu, ẹ má fi washed lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fáwẹ́lì tẹ̀ lé e: washed a cup, opened a door. Ẹ pè é pọ̀ kí t inú washed bọ́ sọ́dọ̀ a, kó di "ta". Ti opened á di "da". Sílébù tí ẹnu wa mọ̀ nìyẹn. Bó bá ti já geere, ẹ yọ a cup kúrò, kí washed dá dúró níparí gbólóhùn. Ní ti washed my cup, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu: àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń gbé t ibẹ̀ mì.

Ẹ̀kọ́ gígùn lórí ìgbà tí -ed ń dún bíi t tàbí d kò pọn dandan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́: ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ parí sí t tàbí d, bíi want àti need, nìkan ni -ed ń fi sílébù kún. Ẹni tí kò mọ èyí ló ń pe cooked ní "kúkẹ́ẹ̀dì".



Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ń ròyìn lọ́wọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ àṣìṣe sínú ìwé, kẹ́ ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta sórí bọ́ọ̀dù níparí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì fi "Ṣé ó yé yín?" sílẹ̀, àgbàlagbà wo ló máa ní kò yé òun lójú ẹgbẹ́? Ẹ ka gbólóhùn kan fún wọn, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Àná ni, àbí ojoojúmọ́?"

Àwa olùkọ́ àgbàlagbà