Ìwọ̀n ara ìgò oògùn ẹranko ti di ti àtijọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí kòkòrò àìsàn tí oògùn ò tu irun kan lára wọn mọ́, ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé kí àwọn ọlọ́sìn dín oògùn apakòkòrò kù. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ta ló ń wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò?

Oxytetracycline, oògùn apakòkòrò kan tí a ń lò fún ẹran, ti wà láti ọdún 1950. Kòkòrò ayé ìgbà tí wọ́n fún irú àwọn oògùn àgbà bẹ́ẹ̀ níwèé àṣẹ ni wọ́n fi díwọ̀n wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ kòkòrò tí oògùn díẹ̀ ń pa nígbà yẹn ti ń gba púpọ̀ kó tó kú, síbẹ̀ ohun tó wà lára ìgò ò yí padà. Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí penicillin, sì ti kìlọ̀ lọ́dún 1945, nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel, pé kò ṣòro láti mú kí kòkòrò borí penicillin: kéèyàn sáà ti fún un ní èyí tí kò tó pa á.

Ẹ wo oògùn tí a ń pò mọ́ omi. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ẹran kí wọ́n tó ṣírò mìlígíráàmù. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ibà mú kì í sì í fẹ́ dìde débi omi. Àwọn tí ara wọn le ló ń mu àmuyó. Ẹni tó nílò oògùn jù ló ń rí i gbà kéré jù. Bí ìwọ̀n ara ìgò bá wá kéré láti ilẹ̀, kí ló kù?

Ilé iṣẹ́ wo ló máa náwó sórí ìwádìí tuntun fún oògùn tí ẹnikẹ́ni lè ṣe tà? Kò sí. Àwọn aláṣẹ ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Lọ́dún 2018, EMA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù, gbé àbá kan síta lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò tún ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe: bí oògùn ṣe ń rìn lára ẹran, àti ìwọ̀n tó ń dá kòkòrò dúró. Kò pọn dandan kí wọ́n tún gbogbo ìdánwò ṣe lára ẹranko.

Gbogbo oògùn kọ́ ló nílò àfikún o. Ní ti ẹbí penicillin, bó ṣe pẹ́ tó lára ló ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ ká fún ẹran lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló kù, kì í ṣe ká fi kún ìwọ̀n rẹ̀.

Kí ọlọ́sìn kankan má sì torí lẹ́tà yìí dá oògùn lé oògùn. Bí ìwọ̀n bá lọ sókè, iye ọjọ́ tí a ń dúró kí oògùn lè kúrò lára ẹran, ká tó pa á tàbí ká tó ta wàrà, lè má tó mọ́. Ọjọ́ kan náà ni kí àwọn aláṣẹ tún méjèèjì kọ sára ìgò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oògùn inú omi àti inú oúnjẹ, torí agbo ẹran lódindi ló ń gbé wọn mì.

Èmi ni tiyín,
Oníṣègùn ẹranko kan